Ọ̀dọ̀ ta ni ká ti ra ohun èlò ilé kíkọ́? Ìjíròrò lórí olùpèsè àdúgbò àti àwọn tí wọn kì í rántí pè

Olùrajà_Sáìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń bójú tó ríra ohun èlò. Iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí a bá ná gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùpèsè tó wà ní agbègbè iṣẹ́, àti pé lára owó yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti obìnrin, ti ọ̀dọ́, tàbí ti ẹni tó ní ìpèníjà ara.

Àwọn kan níbi iṣẹ́ ní kò le rárá, ká sáà wá orúkọ tó bá ìwé mu, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì máa bá àwọn tí a ti ń rà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkàn mi ò gbà á. Mo fẹ́ kí owó náà dé ọwọ́ tó yẹ kó dé, mo sì fẹ́ kí ilé náà dúró. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí la tiẹ̀ ń pè ní "ti àdúgbò"? Ṣé ibi tí ẹni tó ń tà á ń gbé ni, àbí ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kó dá sí i.

Ẹnjinníà_Òpó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tó wúwo. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló ń kó nǹkan bí ìdá 60 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú kọnkéré. Kò sí bí ẹ ṣe máa kó irú ẹrù yẹn wá láti ọ̀nà jíjìn tí owó ọkọ̀ ò ní ju owó ọjà lọ. Kọnkéré tí wọ́n bá pò níbòmíràn tí wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé wá sáìtì náà ò ní sùúrù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣẹ́jú 90 ni ASTM C94, ìlànà Amẹ́ríkà lórí kọnkéré tí wọ́n pò wá, fi sílẹ̀ látìgbà tí omi bá ti kan sìmẹ́ńtì títí dìgbà tí wọ́n á fi dà á tán. Nítorí náà, apá kan nínú ìdá 30 yẹn ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó wá a.

Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn ọ̀gá ni pé ọjà àwọn kéékèèké ò ní dára. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé àyẹ̀wò ló ń sọ bí ọjà ṣe dára, kì í ṣe bí ọ́fíìsì ẹni tó tà á ṣe tóbi tó. Ẹ bu yanrìn sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ da omi tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí lé e lórí, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Yanrìn á lọ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á tò sórí rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ yẹn bá ń lọ sí nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gíga yanrìn, ẹ dá ọkọ̀ náà dúró, kí ẹ gbé díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ etí òkun ni wọ́n ti wà á, ẹ yẹ iyọ̀ inú rẹ̀ wò, torí iyọ̀ yẹn ló ń mú kí irin inú òpó dípẹtà láìsí ẹni tó rí i.

Ní ti kọnkéré, ẹ máa rọ ọ́ sínú àpótí àyẹ̀wò oníwọ̀n mílímítà 150, ẹ fọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ keje, kí ẹ fọ́ ìyókù lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ti ọjọ́ keje yẹ kó ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí ẹ ń wá. Àyẹ̀wò kan náà ni kí ẹ ṣe fún ńlá àti kékeré. Mo ti rí òkúta tó dọ̀tí láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní tírélà tó pọ̀ lọ súà.

Ìyá_Oníbúlọ́ọ̀kù

Ẹnjinníà, ẹ ṣeun. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, àyẹ̀wò ò dẹ́rù bà mí rí. Ẹ gbé e wá, ẹ fọ́ ọ níṣojú mi.

Ohun tó ń pa àwa kéékèèké ni owó tí kì í tètè dé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo bá rọ búlọ́ọ̀kù, mo ti san owó sìmẹ́ńtì, owó yanrìn, owó omi àti owó àwọn ọmọ tó ń rọ ọ́. Mi ò lè tà á lọ́jọ́ kejì. Mo ní láti máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí oòrùn má bàa fa omi inú rẹ̀ gbẹ kí sìmẹ́ńtì tó mú, kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Gbogbo àkókò yẹn, owó mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ìlà. Agbaṣẹ́ṣe á wá kó o, á ní kí n mú ìwé owó wá, á ní ẹni tó ni iṣẹ́ ò tíì san fún òun. Èyí tó dùn mí jù nínú wọn kọ́ ilé rẹ̀ tán, àwọn èèyàn kó wọ inú ilé náà, owó mi ò tíì dé.

Ibi tó ti kan ẹ̀yin tó ń kọ́lé nìyí. Bí owó oníbúlọ́ọ̀kù bá há sọ́wọ́ oníbàárà, kí ló kù tó lè ṣe? Á dín sìmẹ́ńtì kù, tàbí kó ta búlọ́ọ̀kù tí kò tíì gbó. Ẹ ó wá ní ọjà àwọn kéékèèké ò dára. Ẹ bojú wẹ̀yìn wò bóyá owó tí ẹ fà sẹ́yìn ló wà nínú ògiri tó sán yẹn.

QS_Àgbà

Ìyá, iṣẹ́ QS, ìyẹn ṣíṣírò owó ilé kíkọ́, ni mò ń ṣe; ọ̀rọ̀ yín ló yẹ kó wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé àdéhùn gbogbo.

Ní January 2018, ilé-iṣẹ́ Carillion dojú dé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára àwọn agbaṣẹ́ṣe tó tóbi jù lọ níbẹ̀. Ọgọ́fà ọjọ́, ìyẹn 120, ló máa ń fi sáàárín ìgbà tí olùpèsè bá gbé ìwé owó wá àti ìgbà tó bá máa sanwó. Nígbà tó ṣubú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń bá a ṣe ni owó wọn há sábẹ́ rẹ̀. Owó wọn ló ti ń ná bí ẹni tó yáwó ní báńkì, láì san èlé.

Orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ti ṣòfin ní 1996 pé agbaṣẹ́ṣe ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn ilé kíkọ́ pé "ìgbà tí wọ́n bá san fún mi ni mo máa san fún ọ", àyàfi bí ẹni tó yẹ kó sanwó lókè bá ti wọko gbèsè. Òfin dára, àmọ́ kò ní kí wọ́n má fi ọjọ́ tó jìnnà sí i, ojú ihò yẹn sì ni wọ́n gbà.

Nítorí náà, Olùrajà, kí ẹ tó wá olùpèsè kan ṣoṣo, ẹ lọ bá ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí owó níbi iṣẹ́ yín. Ẹ ní kó gbà pé ẹni tó bá wà nínú ìdá 30 yẹn, owó rẹ̀ á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ọjà bá ti wọlé tó sì yege àyẹ̀wò. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ san owó sìmẹ́ńtì sílẹ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kéré. Bí wọn ò bá gbà ìyẹn, ìpín tí wọ́n kọ sínú ìwé ò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ohun kejì, ẹ gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá kó gbogbo ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé pọ̀ sínú ẹyọ iṣẹ́ kan ti lé àwọn kéékèèké lọ kí wọ́n tó débẹ̀. Òfin ìrajà ìjọba ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2014 sọ ọ́ gbangba: ẹni tí kò bá gé iṣẹ́ náà sí ìpín-ìpín gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìlànà yẹn gidi gan-an, torí ẹni tó fẹ́ kó o pọ̀ ló ń wá àlàyé.

Akọ́lé_Ọjọ́pẹ́

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni kó kọ́lé tó dáa lásìkò tí wọ́n dá, ní iye tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí mo bá ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó gbówó lé e ju ẹlòmíràn lọ torí pé ó ń gbé nítòsí, ta ló ń san ìyàtọ̀ yẹn? Bí òun nìkan ló ń pèsè fèrèsé tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì bàjẹ́, ta ló máa san owó ìtanràn ìdádúró? Amẹ́ríkà tó ti ṣe irú nǹkan yìí rí gan-an, ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ fagi lé ìpín 30 irú èyí ní 1989, ní ìlú Richmond. Ẹ lọ wò ó. Ẹni tó bá mọṣẹ́ ni kó gba iṣẹ́.

Amòfin_Àdéhùn

Ọ̀gá mi Akọ́lé, mo mọ ẹjọ́ yẹn dáadáa, inú mi sì dùn pé ẹ mẹ́nu kàn án, torí ìtàn inú rẹ̀ ló gbe ọ̀rọ̀ Ìyá jù.

Ní 1983, ìgbìmọ̀ ìlú Richmond ní Virginia ṣòfin pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ ìlú gbọ́dọ̀ gbé ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tó kéré níye. Nǹkan bí ìdajì àwọn ará ìlú yẹn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, síbẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ìlú náà gbé jáde láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú, ìdá 0.67 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí. Kò tiẹ̀ tó ìdá kan.

Iṣẹ́ tó dá ẹjọ́ sílẹ̀ ò tóbi: ká ra ohun èlò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ká sì tò ó sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe J.A. Croson nìkan ló díje fún un. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ládùúgbò, tó jẹ́ ti ẹ̀yà tó kéré níye, fẹ́ bá a pèsè ọjà náà. Ó lọ béèrè iye lọ́wọ́ àwọn méjì tó ń tà á. Ọ̀kan kọ̀, ó ní òun ti dá iye fún Croson fúnra rẹ̀. Èkejì ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹni náà ṣeé tà ní àwìn fún, ìwádìí yẹn á sì gbà tó ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán. Ìgbà tó máa fi rí iye mú wá, ọjọ́ ti lọ, iye náà sì ti lé. Ṣé ẹ rí i? Ẹni yẹn mọṣẹ́. Àwìn ni kò rí gbà.

Ilé-ẹjọ́ fagi lé òfin ìlú náà lóòótọ́. Wọ́n ní ìlú ò mú ẹ̀rí tó tó wá pé wọ́n ń yan àwọn èèyàn wọ̀nyí nípọ̀sìn nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ níbẹ̀, àti pé òfin náà ka àwọn ẹ̀yà kan mọ́ ọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n má sí ní Richmond rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ ohun tí ìlú lè ṣe láìwo àwọ̀ ẹnikẹ́ni: kí wọ́n mú kí ìdíje fún iṣẹ́ rọrùn, kí wọ́n dẹ okùn lórí owó ìdúró (ìdánilójú pé agbaṣẹ́ṣe á parí iṣẹ́) tí wọ́n ń béèrè, kí wọ́n kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, kí wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí owó. Ohun tí QS ń sọ lókè nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ní ti àwọn tó ní ká fi orúkọ sílẹ̀ lásán, kí wọ́n rọra o. Ní Gúúsù Áfíríkà, láti ìgbà àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin wọn ní 2013, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 wà fún ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn bojú, ilé-iṣẹ́ sì lè san ìtanràn tó tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún. Kẹ́ńyà náà ya ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba sọ́tọ̀ fún obìnrin, ọ̀dọ́ àti àwọn tó ní ìpèníjà ara, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Bíríkìlà_Kan

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjà nìkan lẹ máa kà? Àwa bíríkìlà, káfíńtà àti wẹ́dà ńkọ́? Owó tí wọ́n bá san fún wa, ìtòsí ibi iṣẹ́ náà la máa ná an.

Ayàwòrán_Ilé

Ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ ó kà wọ́n mọ́ ọn, àdéhùn ló máa sọ bó ṣe máa jẹ́.

Mo fẹ́ fi kún un pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùpèsè àdúgbò ti kú sórí tábìlì wa àwa ayàwòrán kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rajà. A ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan pàtó síwájú ilẹ̀kùn, a ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ọjà wọn. Tá lo fẹ́ kó tún díje? Òfin Yúróòpù tí QS dárúkọ ní bí ẹ bá tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ọjà kan, ẹ kọ "tàbí èyí tó bá a dọ́gba" tẹ̀ lé e. Èmi gbà pé ó sàn ká kọ ohun tí a fẹ́ kí nǹkan náà lè ṣe: ẹrù tó máa gbé, ìṣẹ́jú tó máa fara da iná, ariwo tó máa dí. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó gbé e wá.

Ẹ wo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ayàwòrán ilé Francis Kéré kọ́ ní Gando ní Burkina Faso, tó parí ní 2001. Amọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Òrùlé rẹ̀ ló wú mi lórí jù: ọ̀pá irin lásán tí wọ́n fi ń ṣe kọnkéré ló ní kí wọ́n jó pọ̀ di igi àjà, tó fi jẹ́ pé ayùn ọwọ́ àti ẹ̀rọ wẹ́dà kékeré ló kù tí wọ́n nílò. Àwọn ará abúlé ni wọ́n kọ́ ṣe é. Bó bá ya òrùlé tó nílò kẹ̀rénì ńlá, ilé-iṣẹ́ òkèèrè ló máa gbé e ṣe. Wọ́n fún Kéré ní ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Orí bébà ló ti pinnu ẹni tó máa rí iṣẹ́ ṣe.

Aláyíká

Lórí ìbéèrè "kí ni ti àdúgbò", LEED, ìlànà Amẹ́ríkà fún ilé tí kì í ba àyíká jẹ́, ti wá ìdáhùn sí i rí. Ní ẹ̀dà rẹ̀ ti 2009, ibi tí wọ́n ti wa ohun èlò àti ibi tí wọ́n ti ṣe é gbọ́dọ̀ wà láàárín máìlì 500 sí ibi iṣẹ́. Nígbà tó dé ẹ̀dà kẹrin, wọ́n sọ ọ́ di máìlì 100, wọ́n sì ní kí wọ́n ka ibi tí wọ́n ti rà á mọ́ ọn. Ẹ yá èrò yẹn lò: kì í ṣe ibi tí wọ́n ti tà á nìkan. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáìtì, tó ń ta táìlì tó ti òkè òkun dé, owó díẹ̀ péré ló máa kù ládùúgbò.

Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ohun tó bá ti wà nítòsí ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ díẹ̀ jù. Irin tí wọ́n fi èédú yọ́ láti inú òkúta irin máa ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2 èéfín kábọ́nì jáde fún tọ́ọ̀nù kan. Èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná yọ́ láti inú irin àlòkù kì í sábà tó tọ́ọ̀nù 1. Bí ti àlòkù bá wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ṣì lè sàn ju ti ìtòsí lọ. Fún òkúta, yanrìn àti búlọ́ọ̀kù, ìtòsí ló borí. Fún irin àti gíláàsì, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é kí ẹ tó wọn ọ̀nà.

Akọ́lé_Ọjọ́pẹ́

Amòfin, mo gbọ́ ti Richmond, mi ò mọ ti àwìn yẹn tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé owó tó ń pẹ́ ń ba ọjà jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ìdáhùn lórí ìdádúró. Bí ẹni kékeré bá já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ da dẹ́kì, kí ni kí n ṣe?

QS_Àgbà

Ẹ pín in fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta látìbẹ̀rẹ̀, kí ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan má ju ohun tó lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọjà wá ṣáájú ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Dẹ́kì ọjọ́ kan tó tóbi, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní ọkọ̀ kọnkéré tó pọ̀. Kò sẹ́ni tó ní ìdá 30 gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ohun tí ẹ bá rà. Olùpèsè kan ṣoṣo, bó ti wù kó tóbi tó, léwu ju mẹ́ta lọ. Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ọjà òkè òkun mọ̀ ọ́n ní 2020 àti 2021, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ò rí èbúté wọ̀.

Akọ́lé_Ọjọ́pẹ́

Èyí bọ́gbọ́n mu. Ti iye tó ga ni mi ò tíì gbà.

Olùrajà_Sáìtì

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Èyí ni mo fẹ́ ṣe. Màá kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣirò owó wa lórí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, màá sì jẹ́ kó wà lórí ìwé ìrajà kọ̀ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù, yanrìn, òkúta, ilẹ̀kùn onígi àti irin fèrèsé ni màá gé sí wẹ́wẹ́. Màá bá ayàwòrán wa sọ̀rọ̀ kó yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ síwájú ilẹ̀kùn. Ìdá tí a bá kà, ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà la máa wò.

Ó ku ẹyọ kan. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yá?

Amòfin_Àdéhùn

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ò tó. Ẹ béèrè ẹni tó ń fọwọ́ sí owó ní báńkì, ẹni tó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ síṣẹ́ tó sì ń lé wọn, àti ẹni tó ra ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn ló ń dáhùn gbogbo ìbéèrè tí ẹ bi obìnrin tó ní òun ló ni ín, ẹ ti mọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọjà ń kúrò tààrà nílé ìkẹ́rù ilé-iṣẹ́ ńlá wá sí sáìtì yín, tí kò kan ọgbà ẹni tó ń kọ ìwé owó, ẹ ti mọ̀ nìyẹn náà.

Ìyá_Oníbúlọ́ọ̀kù

Kí ẹ sì wá sí ọgbà fúnra yín, ẹ má sọ fún wa ṣáájú. Ẹ má ṣe wo búlọ́ọ̀kù tó wà níwájú tí wọ́n tò dáadáa. Ẹ lọ sẹ́yìn, ẹ ní kí ẹni tó ni ibẹ̀ fi èyí tí wọ́n rọ lánàá hàn yín, kó sì sọ ìgbà tí wọ́n wọ́n omi sí i kẹ́yìn. Ẹni tó ni iṣẹ́ á dáhùn kí ẹ tó béèrè tán.